Ẹ Má Tìtorí Ooru Dín Afẹ́fẹ́ Táyà Kù

Ẹni tó bá ti gbé Àbújá rí mọ bí oòrùn oṣù kẹta sí oṣù kẹrin ṣe ń ṣe. Títì á gbóná débi pé bàtà á fẹ́ máa lẹ̀ mọ́ ọ̀dà. Àsìkò yẹn náà ni ọdún Àjíǹde sábà máa ń bọ́ sí, tí àwa tí a ti ìsàlẹ̀ wá á di ẹrù kún ẹ̀yìn mọ́tò, a ó gba Gwagwalada, Kwali, Abaji, títí dé Lọ́kọ́ja, kí oníkálukú tó ya sí ọ̀nà ìlú rẹ̀. Ní gbogbo ibi tí fọkanáísà bá jókòó sí láti Zuba lọ, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa gbọ́ lẹ́nu awakọ̀: "Ẹ bá mi dín in kù díẹ̀, oòrùn yìí ti pọ̀ jù." Ọmọ Hausa tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ò tiẹ̀ ní í dúró kí ẹ sọ ọ́ tán: "Oga, a rage iska?" Á tẹ ẹnu fáàfù, afẹ́fẹ́ á fọn ṣíì, ọkàn gbogbo ará ọkọ̀ á sì balẹ̀.

Èmi náà ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe òmùgọ̀, torí gbogbo wa la mọ̀ pé ohun tó bá gbóná máa ń wú, bọ́ọ̀lù ọmọdé tí wọ́n gbàgbé sí oòrùn ń bẹ́, nítorí náà ẹ jẹ́ ká fi àyè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kó lè wú. Ó dọ́gba létí. Ibi tó ti yẹsẹ̀ ni pé táyà kì í ṣe bọ́ọ̀lù. Ohun tó ń bẹ́ táyà lójú ọ̀nà ooru kì í sábà jẹ́ afẹ́fẹ́ tó pọ̀ jù. Afẹ́fẹ́ tó kéré jù ni.

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n rèé. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń lọ sí Ìkọ̀lé-Èkìtì, a kó àpò ẹ̀wà méjì àti àlùbọ́sà sí búùtù. A dúró ní Zuba, fọkanáísà wọn táyà, gééjì ka 37 PSI, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ka agbára afẹ́fẹ́ inú táyà. Mo pariwo. Mo ní kó dá gbogbo rẹ̀ padà sí 30, nítorí pé oòrùn ò tíì mú tán. Nígbà tí a kọjá Abaji díẹ̀, mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ọ̀tún, bí ìgbà tí ènìyàn ń fa màlúù tí kò fẹ́ rìn. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Kí ló ń rùn bíi rọ́bà?" Mi ò tíì dá a lóhùn tí nǹkan fi dún gbàù lẹ́yìn wa.

Bàbá tó bá wa tú táyà náà jẹ́ ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, àgbà tó ti pẹ́ ní Òkè Ọya débi pé Hausa ló fi ń bá ewúrẹ́ rẹ̀ wí. Kò sọ nǹkan kan. Ó yọ táyà lára rímù, ó gbé e sókè, ó sì dà á dojú bolẹ̀ sórí páálí kan. Ẹ̀kúnwọ́ ìyẹ̀fun dúdú dà sílẹ̀, ó kúnná bí ẹ̀tù ìbọn. Mo bi í pé irú ìdọ̀tí wo nìyẹn. Ó ní, "Kì í ṣe ìdọ̀tí o, ọmọ mi. Táyà yín ni. Inú rẹ̀ ló ti ń lọ ara rẹ̀ látàárọ̀." Ó fi ìka tọ ẹ̀gbẹ́ táyà náà láti inú, ó fi ibi tó ti ha yípo hàn mí, bí ẹni fi ọ̀bẹ họ ọ́. Kò sí ìṣó níbẹ̀, kò sí ihò. Ó wá béèrè pé, "Ta ló ní kí ẹ dín in kù?"

Ẹ mú wáyà tín-ín-rín kan lọ́wọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, ẹ tẹ̀ ẹ́ sọ́hùn-ún, lójú kan náà, kó tó ìgbà ogún. Ẹ wá fi ojú ibẹ̀ kan ètè. Ó ti gbóná, bẹ́ẹ̀ iná kankan ò kàn án. Bí ẹ ò bá ṣíwọ́, á já.

Iṣẹ́ tí ẹ̀gbẹ́ táyà ń ṣe ní gbogbo ìrìn àjò nìyẹn. Níbi tí táyà bá ti kan ilẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á yọ ikùn síta. Bó bá yí kúrò nílẹ̀, á nà padà. Táyà tí wọ́n kọ 195/65R15 sí lára, irú èyí tó wà lẹ́sẹ̀ ọ̀pọ̀ Corolla àtijọ́, bó bá yí lẹ́ẹ̀kan ó ti rin nǹkan bíi mítà méjì. Ìyẹn ni pé ó ń yí nígbà 500 nínú kìlómítà kan. Ẹni tó bá ń sá 100, tó jẹ́ òpin eré tí òfin gbà fún ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lójú ọ̀nà márosẹ̀, ojú kan náà lára ẹ̀gbẹ́ táyà rẹ̀ ń tẹ̀, ó ń nà, ní ìgbà 14 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti Àbújá dé Lọ́kọ́ja, ó ti súnmọ́ ìgbà 100,000.

Bí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ bá pé, títẹ̀ yẹn ò tó nǹkan, atẹ́gùn ojú ọ̀nà á sì máa gbé ooru rẹ̀ lọ. Bó bá dín, ikùn táyà á yọ gan-an, ooru á pọ̀ ju èyí tí atẹ́gùn lè gbé lọ. Rọ́bà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, okùn àti wáyà irin tí wọ́n hun sínú rẹ̀ á máa ṣí kúrò lára rọ́bà. Ẹ wá fi eré sísá àti àpò ẹ̀wà méjì kún un. Oòrùn òkè àti títì gbígbóná dá kún ọ̀ràn náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n alábàáṣe lásán ni wọ́n. Inú táyà fúnra rẹ̀ ni iná ti ń wá.

Afẹ́fẹ́ tó ń wú ńkọ́? Ó ń wú, mi ò ní í parọ́. Ká ní ẹ fi 32 sí táyà ní òwúrọ̀ tí ooru wà ní ìwọ̀n 25 lórí Celsius, tí táyà wá gbóná dé 65 lójú ọ̀nà, gééjì á ka nǹkan bíi 38. Ẹ̀rù á bà yín. Àmọ́ àwọn tó ṣe ọkọ̀ náà ti mọ̀ pé bó ṣe máa rí nìyẹn kí wọ́n tó ní kí ẹ fi 32 sí i. Wọ́n ti ṣírò wíwú náà mọ́ ọn. Táyà tó péye tí wọ́n kọ 44 sí lára gẹ́gẹ́ bí òpin ohun tí wọ́n lè fi sí i kò ní ìṣòro kankan pẹ̀lú 38.

Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé a rí 38 yẹn ní Zuba tàbí ní Kwali, a sì dá a padà sí 32 nígbà tí táyà ṣì ń gbóná. Ẹ jẹ́ kí táyà náà sùn, kí ẹ wọ̀n ọ́n ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì: ẹ máa bá nǹkan bíi 26. Afẹ́fẹ́ tó yẹ kó gbé ọkọ̀ yín délé lẹ tú dà sójú ọ̀nà. Èmi tí mo ní kí wọ́n mú 37 wá sí 30, ẹ lè fojú inú wo ohun tó kù nínú táyà tèmi.

Nítorí náà, òwúrọ̀ ni wíwọn táyà, kí mọ́tò tó kúrò nílé, tàbí lẹ́yìn tó bá ti dúró fún wákàtí mẹ́ta ó kéré tán. Bí fọkanáísà bá wà ní ìtòsí ilé, tí kò ju kìlómítà kan àtààbọ̀ lọ, ẹ rọra wa ọkọ̀ débẹ̀, ìyẹn ò tíì ba nǹkan kan jẹ́. Bí ẹ bá wà lójú ọ̀nà, tí táyà ti gbóná, tí ẹ sì rí nọ́ńbà tó fi márùn-ún tàbí mẹ́fà ga ju ti ilé lọ, ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ táyà kan ṣoṣo ló fi iye tó pọ̀ rẹlẹ̀ ju àwọn mẹ́ta yòókù, ẹ má kúrò níbẹ̀, ó ń jò.

Ọyẹ́ náà ní tirẹ̀ tó ń ṣe. Ẹni tó wọn táyà ní ọ̀sán nígbà tí ooru wà ní 38, tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì wá mọ́ ní 18, afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ ti fi nǹkan bíi mẹ́ta dín, láìsí ihò, láìsí olè. Bí ooru bá fi ìwọ̀n mẹ́fà lọ sílẹ̀ lórí Celsius, ẹ ka PSI kan kúrò. Ẹ̀yin ará Kánò àti Jos tí òtútù oṣù kìíní ń yọ lẹ́nu, ẹ̀ ń gbọ́.

Èló wá ló yẹ kí ènìyàn fi sí i? Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti máa ń dojú rú, nítorí nọ́ńbà méjì ló wà, ojú ibi tó yàtọ̀ ni wọ́n sì kọ wọ́n sí. Èyí tó wà lára táyà, tí wọ́n kọ MAX PRESS 44 PSI, tàbí 51 lára òmíràn, òpin ni. Kò túmọ̀ sí pé ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e dé. Ó dà bí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ sára àga pé ó lè gbé ènìyàn mẹ́rin. Ẹ ò ní í wá mẹ́rin kún un nígbà tó jẹ́ ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ jókòó. Àwọn kan ní àdúgbò mi ní Kubwa ń fi 44 sí i tọkàntọkàn. Àárín táyà wọn ń pá nígbà tí etí rẹ̀ ṣì nípọn, mọ́tò wọn ń fò lórí òkúta bí tata, ọwọ́ tí táyà fi ń di ilẹ̀ mú nígbà bíréèkì á sì dín kù.

Nọ́ńbà tí ẹ nílò wà lára ọkọ̀. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo ara òpó tí ilẹ̀kùn náà ń tì mọ́, ẹ máa rí bébà kékeré tí wọ́n lẹ̀ síbẹ̀. Ó máa sọ ìwọ̀n táyà tó yẹ ọkọ̀ náà, iye afẹ́fẹ́ táyà iwájú àti ti ẹ̀yìn, àti ti sípéà. Lára ọkọ̀ mìíràn, wọ́n tún máa ń ya ti ìgbà tí ènìyàn àti ẹrù bá kún inú rẹ̀ sọ́tọ̀, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì máa ń ga ju ti ojoojúmọ́ lọ. Ẹ kíyè sí i: ẹrù kún, nọ́ńbà ga. Ìdàkejì gan-an ohun tí à ń ṣe nígbà tí a bá ń lọ sílé fún ọdún.

Bí ọkọ̀ yín bá jẹ́ tòkunbọ̀ láti Yúróòpù, ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ ní bar tàbí kPa dípò PSI. 2.2 bar, 220 kPa àti 32 PSI, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹ má lọ sọ fún ọmọ fọkanáísà pé 220 lẹ fẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé panẹẹli-bítà ti fi ọ̀dà kun bébà náà mọ́lẹ̀, ẹ yẹ ẹ̀yìn ìdérí ibi tí ẹ ti ń da epo wò, tàbí ìwé tó bá ọkọ̀ wá. Èyí tí kò dára ni kí ẹ gba 35 tí fọkanáísà ń fi sí gbogbo ọkọ̀, àti Camry, àti Hilux, àti kẹ̀kẹ́ alùpùpù bó bá wọ̀ ọ́.

Gééjì àwọn fọkanáísà náà ńkọ́? Ó ti já bọ́ nígbà mélòó, yanrìn ti wọ̀ ọ́ nígbà mélòó, ta ló kà á. Ẹ ra tiyín, kò wọ́n. Tèmi wà nínú dáṣíbọ́ọ̀dù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ọkọ̀. Ní ti afẹ́fẹ́ nitrogen tí wọ́n ń tà lówó gọbọi láwọn ibì kan ní ìgboro Àbújá, kò burú, àmọ́ afẹ́fẹ́ tí gbogbo wa ń mí símú náà, ìdá 78 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, nitrogen ni. Ẹ fi owó yẹn ra gééjì.

Afẹ́fẹ́ pípé ò lè gba táyà tó ti darúgbó là ṣá. Rọ́bà ń gbẹ, bí ẹ rìn bí ẹ ò rìn. Oòrùn wa sì ń tètè gbẹ ẹ́. Ẹ wá DOT lára ẹ̀gbẹ́ táyà, ẹ tọ lẹ́tà àti nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e dé ìparí. Nọ́ńbà mẹ́rin ló máa gbẹ̀yìn, wọ́n sábà máa ń fi ìlà yípo wọn bí ẹyin. Bó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é. Ẹnìkan tó fẹ́ ta táyà fún mi sọ pé nọ́ńbà tẹlifóònù ilé iṣẹ́ ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ gbogbo rẹ̀ sí, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbẹ́ tó kọjú sábẹ́ ọkọ̀, nítorí náà bí ẹ ò bá rí i, kì í ṣe pé kò sí. Bó bá jẹ́ mẹ́ta péré ni nọ́ńbà náà, kí ọdún 2000 tó dé ni wọ́n ti ṣe é. Ẹ sá fún un. Àwọn FRSC, àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, ń sọ pé ọdún mẹ́rin ni kí táyà lò nílẹ̀ wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣe é. Nílẹ̀ òkèèrè, àwọn tó ń ṣe táyà a máa gbà kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, àmọ́ àwọn ò wa ọkọ̀ nínú oòrùn Sókótó.

Mo mọ̀ pé owó lọ̀rọ̀. Nígbà kan, wọ́n ń ṣe táyà ní Ìkẹjà àti ní Port Harcourt. Kí ọdún 2010 tó dé, iléeṣẹ́ méjèèjì ti dáwọ́ ṣíṣe é dúró, ohun tí ọkọ̀ ojú omi bá gbé wá la sì ń rà. Ìdí nìyẹn tí tòkunbọ̀ fi gbòde. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nínú rẹ̀ ju ọjọ́ orí lọ ni bí wọ́n ṣe ń kó o wá. Kí ó lè pọ̀ nínú kọ̀ǹténà, wọ́n á fún táyà kan mọ́ inú òmíràn, kan mọ́ inú ìyẹn, títí tó fi lè di mẹ́rin tàbí márùn-ún. Àjọ SON, tó ń rí sí ojúlówó ọjà nílẹ̀ wa, ti ń lé àwọn tó ń ṣe é tipẹ́. Wáyà irin inú táyà tí wọ́n fún bẹ́ẹ̀ lè ti ṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ á máa dán, nítorí wọ́n ti fi nǹkan dúdú kùn ún. Ẹ fi ọwọ́ nù ún. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ rin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yípo, níta àti nínú. Ibi tó bá wú bí eéwo, wáyà ti ṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ tún wo àwọn kòtò tó wà lójú rẹ̀: nísàlẹ̀ wọn, ẹ máa rí òkè rọ́bà kékeré tó dábùú. Ìwọ̀n mílímítà 1.6 ni wọ́n ga. Bí ojú táyà bá ti dọ́gba pẹ̀lú wọn, ó ti tán. Bí kòtò bá wà, tí òkè kékeré yẹn ò sí, ọ̀bẹ gbígbóná ni wọ́n fi gbẹ́ kòtò yẹn sí táyà tó ti pá.

Bó bá wá bẹ́ náà ńkọ́? Ní oṣù kẹta ọdún 2016 ni James Ocholi, tó jẹ́ mínísítà kejì fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá. FRSC sọ pé táyà ló bẹ́. Ọkọ̀ ńlá kì í gbani lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ẹsẹ̀ máa fẹ́ ṣe ni kó fò lé bíréèkì, ohun tó sì ń mú ọkọ̀ tàkìtì gan-an nìyẹn. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì di sítíárìn mú gírígírí, ẹ pa á mọ́ ojú kan, ẹ rọra gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀ epo. Ọkọ̀ á ti ara rẹ̀ rọ̀. Ìgbà tó bá ti lọ sílẹ̀ gan-an ni kí ẹ tó fọwọ́ tọ́ ọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ẹ sì wá rọra fẹsẹ̀ kan bíréèkì. Kì í ṣe ọgbọ́n ló gba èmi àti ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ yẹn. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ ni, eré wa ò tó 60.

Sípéà tó tín-ín-rín, tí wọ́n kọ TEMPORARY USE ONLY sí lára, 60 PSI ni afẹ́fẹ́ tirẹ̀, eré rẹ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju 80 lọ. Ibi tí ẹ máa ti rí fọkanáísà ló wà fún. Mo mọ táksí kan ní Nyanya tó ti fi ọdún kan rìn lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo ra táyà tuntun ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ọmọkùnrin tó bá mi pààrọ̀ rẹ̀ ti fi ẹsẹ̀ yí mẹ́ta tó kù lára àwọn àtijọ́ lọ sẹ́yìn ìsọ̀ rẹ̀, ó ń fọ́nfèrè. Mo ní kó dá wọn padà. Mo gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì dá ẹ̀gbẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lu níbi méjì. Ó bojú jẹ́, ó ní, "Àǹtí, ẹ ti ba ọjà mi jẹ́."